Mo Fi Réésà Gé Àna Mi Kúrò Nínú Ìwé Ogun

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Adó-Èkìtì. Ọmọ tó bá ya ìwé ní kíláàsì mi, orí ìkúnlẹ̀ ló máa wà títí agogo yóò fi lù. Nítorí náà, bí ẹ bá ka ìtàn mi dé ìdajì, tí ẹ sì rí i pé ìyà ìkúnlẹ̀ tọ́ sí èmi náà, ẹ má wulẹ̀ pariwo. Mo ti wà lórí eékún.

Orúkọ mi ni Olúwaṣeun Adébíyìí. Bàbá tó bí bàbá mi ni gbogbo Ìgèdè-Èkìtì ń pè ní Kápúténì. Nígbà ogun abẹ́lé, ọ̀gá ológun ni, ó sì máa ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ bá rí lójúmọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ogun parí, ó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Adó, wọ́n sì sọ ọ́ di ìwé.

Àtẹ̀jáde kìíní yẹn kò pọ̀. Ikán jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé náà. Nígbà tí wọ́n máa tún un tẹ̀, bébà ti gbówó lórí, wọ́n bá gé ìtàn náà kúrú. Èyí tí wọ́n gé kúrú yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Ti àkọ́kọ́, ẹyọ kan ṣoṣo la mọ̀ pé ó kù, inú àpótí Bàbá àgbà ló sì wà. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti wá bẹ̀ ẹ́ rí kí ó jẹ́ kí àwọn ya fọ́tò rẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n jókòó síbẹ̀, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì máa lọ sílé wọn.

Ó wá ku Dùnmínínú Akínbọ́lá, ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́. Nọ́ọ̀sì ni. Ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, bí ó bá sì bínú, kì í pariwo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi ènìyàn, o kò sì ní rí i dáhùn.

Ìdílé méjèèjì ti dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nígbà tí Dùnmínínú sáré wá bá mi ní àdúgbò Adébáyọ̀, níbi tí mo ti ń dúró de ọ̀kadà.

“Ṣeun, o ò ní gbà gbọ́! Bàbá àgbà mi gbọ́ orúkọ ìdílé yín, ó dìde lórí àga láìmú ọ̀pá. Ó ní ṣé Adébíyìí Kápúténì ará Ìgèdè ni? Abẹ́ bàbá àgbà rẹ ló ti jagun!”

“Háà! Bàbá yín ṣe ológun rí?”

“Sájẹ́ǹtì ni. Jọ́ọ̀sì ló ń gbé láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, ọdún tó kọjá la ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un wálé. Ó ní kí ẹ mú ìwé ogun yẹn dání bí ẹ bá ń bọ̀. Àkọ́kọ́ o, kì í ṣe èyí tí wọ́n gé kúrú. Òun kò fojú kàn án rí, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún òun pé òun wà nínú rẹ̀. Ó ní kí ẹ kà á sétí gbogbo ẹbí kí òun tó fa ọmọ fún yín.”

Inú mi dùn ṣìnkìn. Ta ni kò ní fẹ́ kí àna òun ti jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá àgbà òun kí wọ́n tó bí òun?

Ní ọjọ́ Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìgèdè. Mo bá Bàbá àgbà níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀pà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

“Akínbọ́lá?” Ó da ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ nù. “Akínbọ́lá ṣì wà láyé? Akínbọ́lá inú ààrò!”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ikọ́ fi gbà á, tí mo ń gbá a lẹ́yìn.

“Inú ààrò kẹ̀, Bàbá? Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ààrò?”

“Mú ùwé náà lọ. A á gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Àní gbogbo ayé á gbọ́ ọ!” Ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. “Má fi itọ́ ṣí i o.”

Ẹ̀rín yẹn ló bà mí lẹ́rù. Ẹ̀yin kò mọ Bàbá àgbà mi ni. Kò sẹ́ni tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Níbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀, níwájú pósí, ó sọ fún àlùfáà pé kí ó má yin òkú náà jù, nítorí ó jí ewúrẹ́ àwọn rí.

Mo gbé ìwé náà lọ sí pálọ̀, mo sì rọra ṣí i. Mo wá orúkọ Akínbọ́lá títí mo fi rí i. Ohun tí Bàbá kọ nìyí:

“Ní òwúrọ̀ òní, àwọn ọ̀tá já lù wá lójijì. Sájẹ́ǹtì Akínbọ́lá ju ìbọn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sá. Mo fi ojú mi rí i tó kó sínú ààrò búrẹ́dì kan. Eérú bò ó lójú, ó ń sunkún, ó ń ké pe ìyá rẹ̀. Mo pè é, kò jáde. Mo bú u ní ojo, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, a sì forí lé ọ̀nà odò.”

Mo pa ìwé dé.

Háà, àna mi! Ẹni tí mo fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún! Ṣé èyí ni wọ́n fẹ́ kà níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀? Bàbá náà kò mọ ohun tó ń béèrè ni. Ó rò pé wọ́n yìn ín nínú ìwé. Bàbá tèmi ní tirẹ̀ mọ̀, ohun tó sì ń pa á lẹ́rìn-ín nìyẹn. Wọ́n á kà á tán, ojú á ti àna mi, ìyẹn á sì ní ẹni tó wá fi òun ṣẹ̀sín nílé òun kò ní fẹ́ ọmọ òun.

Mo ní kí n lọ bá Bàbá àgbà, kí n bẹ̀ ẹ́. Mo rántí òkú àti ewúrẹ́, mo jókòó padà. Mo ní kí n pe Dùnmínínú. Kí ni màá wí? “Ìfẹ́ mi, ṣé o mọ̀ pé bàbá àgbà rẹ sá wọ ààrò?” Mo ní kí n sọ pé ìwé ti sọnù. Wọ́n á pa mí ní Ìgèdè.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti kan réésà tí bàbá mi fi ń fá irùngbọ̀n, lórí fèrèsé.

Ẹ gbọ́, nǹkan burúkú kì í dà bí nǹkan burúkú nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ ṣe é. Ó dà bí oore. Ewé kan ṣoṣo nínú odidi ìwé, ta ni yóò mọ̀? Bàbá kò ríran kàwé mọ́, àna kò rí i rí. Mo gbé ìwé lé itan, mo fi réésà tọ ìdí ewé náà láti òkè délẹ̀. Ó já wẹ́rẹ́.

“Ṣeun, kí lo ń fi réésà ṣe?”

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Olúbùnmi, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Mo fi ọwọ́ bo ewé náà mọ́lẹ̀.

“Èékánná ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń gé èékánná.”

“Pẹ̀lú ìwé Bàbá lórí itan?”

“Mo fi gba èékánná ni, kó má bàa já sílẹ̀.”

Ó wò mí sókè, ó wò mí sílẹ̀. “Ìwé tí ọ̀jọ̀gbọ́n kò gbọdọ̀ fi itọ́ kàn lo fi ń gba èékánná? Orí ẹ dá ṣáṣá?”

Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó fẹ́ sun àgbàdo. Mo tẹ̀lé e pé mo fẹ́ bá a dáná. Mo ká ewé náà pọ̀, mo fi iná ràn án, mo sì tì í sábẹ́ èédú. Olúbùnmi tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé iná náà tètè ràn.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé. Ilé Akínbọ́lá kò jìnnà sí Adébáyọ̀. A wọlé, èmi, àwọn òbí mi, Olúbùnmi àti Bàbá àgbà, pẹ̀lú èso àti iṣu wa. Ní kété tí Bàbá wọlé, ọkùnrin arúgbó kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ dìde ní òpin pálọ̀. Ó lẹ ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó sì gbé ọwọ́ sí iwájú orí.

“Sà!”

Bàbá àgbà mi náà gbé ọwọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dì mọ́ra, tí wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn, tí omi sì ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Gbogbo ilé hó yèè. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbé mi dìde, wọ́n súre fún mi. Dùnmínínú rẹ́rìn-ín sí mi láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo wí nínú ara mi pé, Ṣeun, o gbọ́n ju orí lọ.

“Ùwé náà ńkọ́?” ni Sájẹ́ǹtì Akínbọ́lá béèrè.

“Ó wà lọ́wọ́ olùkọ́,” ni Bàbá àgbà mi dáhùn, ẹ̀rín ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. “Ṣeun, dìde. Ka ibi ààrò.”

Mo dìde. Mo ṣí ìwé. Mo wo àyè tí ewé náà ti wà rí, òun náà ń wò mí. Olùkọ́ ni mí, ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu wa. Mo gbóhùn sókè, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti inú afẹ́fẹ́:

“‘Ní òwúrọ̀ òní, àwọn ọ̀tá já lù wá lójijì. Ṣùgbọ́n Sájẹ́ǹtì Akínbọ́lá dúró gbọin-gbọin. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú ọ̀tá márùn-ún, ó fi ọwọ́ òsì mú márùn-ún...’”

Àwọn ọmọ Sájẹ́ǹtì pàtẹ́wọ́. Ìyá Dùnmínínú na ọwọ́ sókè, ó ní “Ògo ni fún Ọlọ́run!” Orí mi wú. Mo fi kún un.

“‘Ó já ìbọn gbà lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó sì dì wọ́n ní okùn kan ṣoṣo. Ọ̀gágun wa fúnra rẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní irú akọni báyìí...’”

“Dúró.”

Sájẹ́ǹtì ló sọ̀rọ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì pàtẹ́wọ́.

“Ta li ìyẹn?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Urọ́ ni! Ọ̀tá mẹ́wàá? Èmi? Adìẹ kan ṣoṣo, mi ò lè dá a dì! Ààrò ńkọ́?”

“Ààrò... kò sí ààrò níbí, sà.”

“Kò sí kẹ̀?” ni Bàbá àgbà wí. “Èmi tí mo fi ọwọ́ mi kọ ọ́? Mú ùwé wá.”

Mo gbé e fún un. Kò gbé e súnmọ́ ojú, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran kàwé mọ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló fi tọ inú ẹ̀yìn ìwé náà, ní ibi tí okùn ti dì í. Àtàǹpàkò náà dúró.

“Abẹ ni,” ni ó wí. “Wọ́n fi abẹ gé e.”

“Èékánná!” ni Olúbùnmi ké. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́ sílẹ̀, ó ti fọ́. Gbogbo ojú yí sí mi.

Mo na gbalaja sílẹ̀. Èyí kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ àna mọ́ o, ti ọ̀daràn ni. “Ẹ dárí jì mí, sà. Mo kà á pé ẹ sá. Mo kà á pé ẹ sunkún nínú ààrò. N kò fẹ́ kí ojú tì yín níwájú àwọn ọmọ yín. Mo gé e, mo sì sun ún.”

“O kà á pé mo sá.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Kí ló wà lẹ́yìn ewé náà?”

Mo gbé orí sókè. “Sà?”

“Ewé tí o gé ní ojú méjì. Kí ló wà ní ojú kejì?”

N kò mọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò yí i wò. Èmi tí mo ń na ìka sí àwọn ọmọ ní kíláàsì pé kí wọ́n kàwé dópin.

Bàbá àgbà mi tẹ̀ síwájú lórí àga, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Àpá ńlá kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí mo ti mọ̀ láti kékeré. Nígbàkígbà tí a bá béèrè, ó máa ń ní ọ̀bọ ló bu òun jẹ.

“Nígbà tí a dé etí odò ni ùbọn bà mí. Àwọn yòókù rò pé mo ti kú, wọ́n lọ. Ẹni tí mo bú ní ojo ló jáde nínú ààrò, ó wá mi kàn. Ó pọ̀n mí bí ọmọ, ó fi mí sọdá odò. Ohun tó wà ní ojú kejì nìyẹn. Bàbá tìrẹ ṣì ń mu ọmú lùgbà náà.”

Bàbá mi, ẹni ọdún ọgọ́ta, fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

Sájẹ́ǹtì ń wo ilẹ̀. “Mi ò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi rí. Bí mo bá fi ẹnu ara mi sọ ọ́, wọ́n á ní mò ń fọ́nnu. Mo ní kí ùwé bá mi sọ ọ́.”

Ojú tì mí débi pé ó wù mí kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ẹbùn tí bàbá yìí ti ń retí láti ìgbà èwe rẹ̀, mo fi sun àgbàdo.

Dùnmínínú wá dúró tì mí. Kò pariwo.

“Ṣeun, lọ́jọ́ tí o bá gbọ́ pé èmi náà ṣe ohun tó ń tini lójú, kí lo máa gé?”

Bàbá tó bí i dìde, ó ní kí a jọ̀wọ́ kó ẹrù wa. Ìyá mi ti ń sunkún, ó ti gbé agbọ̀n èso. Ọwọ́ mi ti kúrò lára ìyàwó nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n.

“Ẹ jókòó,” ni Sájẹ́ǹtì wí. “A ò lé ọmọ. Ṣùgbọ́n kò ní rí ùyàwó gbé títí yóò fi kọ ewé náà padà. Èmi àti Kápúténì á máa sọ ọ́, òun á máa kọ ọ́. Lujọ́ tí àwa méjèèjì bá ní ó pé, lujọ́ náà là á fa ọmọ.”

Mo dúpẹ́ títí. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan ló máa gbà.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ gbé Bàbá ní Ìgèdè wá sí Adó. Mo jókòó ti kálàmù àti bébà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

“Omi odò náà dé ùbàdí mi,” ni Sájẹ́ǹtì á wí.

“Urọ́! Omi wo? Kò ju orúnkún lọ. Ẹ̀rù ló mú un ga lójú rẹ.”

“Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn mi, tí ẹ ń ké bí ewúrẹ́, báwo lẹ ṣe mọ ibi tí omi dé?”

“Ọ̀gá ni mí! Mo ní orúnkún!”

Wọ́n á jẹ iyán tí Dùnmínínú gún, wọ́n á sùn lórí àga, wọ́n á jí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí pé òjò rọ̀ àbí kò rọ̀. Ọyẹ́ wá, ó lọ. Iṣu tuntun jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílé ẹ̀kọ́ ń bi mí pé ṣé ogun náà kò tíì parí ni. Dùnmínínú a gbé omi wá fún mi, a kí mi, a sì padà sí ilé ìdáná.

Lọ́jọ́ kan, mo tẹ̀lé e débẹ̀. “Dùnmínínú, àwọn bàbá yìí kò ní gbà láéláé. Màá di arúgbó sórí omi odò yìí.”

Ó wò mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín sí mi láti ọjọ́ náà. “Ṣé o rò pé wọn kò rántí ibi tí omi dé ni? Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí wọn kò fi rí ara wọn. Bí wọ́n bá ní ó pé lónìí, ta ló máa lọ gbé bàbá àgbà rẹ wá ní Sátidé tó ń bọ̀?”

Ẹnu yà mí. Mo padà sí pálọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà méjèèjì. Mo ní, “Bàbá, bí mo bá gbé ìyàwó tán, mo ṣèlérí, gbogbo Sátidé ni màá ṣì máa gbé Kápúténì wá.”

Wọ́n wo ara wọn.

“Omi dé itan,” ni Bàbá àgbà mi wí.

“Itan ni,” ni Sájẹ́ǹtì dáhùn. “Òjò kò sì rọ̀.”

Ẹ wò ó, bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ bo àṣírí ènìyàn, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹ bò ó. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí, àti pé n kò tètè kọ́ ọ.

Nítorí pé lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí mo fẹ́ kọ ewé náà ní àkọparí, ọwọ́ mi tún ń fà sí ìwà àtijọ́. Mo kọ ọ́ pé: “Sájẹ́ǹtì Akínbọ́lá fà sẹ́yìn díẹ̀.” Mo kà á fún wọn. Bàbá àgbà mi mi orí pé ó dára. Sájẹ́ǹtì kò mi tirẹ̀.

“Mi ò fà sẹ́yìn. Mo sá. Kọ ọ́ pé mo sá. Kọ ààrò, kọ eérú, kọ ẹkún tí mo sun.”

“Sà, àwọn ọmọ yín máa kà á.”

“Kí wọ́n kà á. Bí o kò bá kọ ọ́ pé mo sá, ọmọ mi, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé mo padà?”

Mo mú bébà mìíràn. Mo kọ ọ́ pé ó sá, mo kọ ìyókù tẹ̀lé e, mo yí ewé náà, mo sì kọ ojú kejì. Sájẹ́ǹtì Akínbọ́lá gba kálàmù lọ́wọ́ mi, ó buwọ́ lù ú, ó sì ké sí Dùnmínínú pé kí ó wá bá ọkọ rẹ̀ jókòó.